Ibi Tí A Sin Làtífù Sí

Ọjọ́rú, 7/5/2025

A sin Làtífù lánàá. Ó jí láàárọ̀, ó ní àyà ń dun òun. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fi kí ìrun alásárì tán, a ti gbé e wọlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti kó dé Ìkòròdú. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú jáfara rárá, ojú mi kò tíì dá tí wọ́n fi ní kí n wá bu yẹ̀pẹ̀ temi sí i. Mo bù ú. Òjò ti ń ṣú.

Mo gbé amọ̀ abẹ́ bàtà ọ́fíìsì mi wọ inú pálọ̀, Dùnsìn ìyàwó mi kò sì bá mi jà nítorí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Sátidé, 10/5

Mo lọ jókòó ti Waliyah, ìyàwó Làtífù, nílé wọn ní Lasunwon. Ó wà nínú opó, àwọn obìnrin ló yí i ká. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń sọ pé òun ni òun sún mọ́ olóògbé jù. Mo jókòó sídìí fèrèsé, mo ń gbọ́. Ta ló kó gbogbo wọn wá? Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta yìnyín ní Agric sọ tirẹ̀, ó sì pa mí lẹ́nu mọ́. Fíríìjì rẹ̀ ló kú, ó gbé e tọ Làtífù lọ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fíríìjì ṣe. Làtífù tú u wò, ó rí i pé kò sí àtúnṣe mọ́. Ó ní, "Ìyá mi, fíríìjì yín ò bàjẹ́ o. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀." Ó wá òmíràn kiri títí ó fi rí i, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìyá náà. Ìyá náà sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún. Mo mọ ohùn tí Làtífù fi sọ ọ́. Ohùn tó fi máa ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má ba ara rẹ nínú jẹ́.

Alága ẹ́síteètì wa fẹ́ tẹ pósítà. Fọ́tò tó mú, Làtífù di ojú nínú rẹ̀. Mo ní fọ́tò yìí kò dára. Ó ní èyí ló wà lórí fóònù òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13/5

Fídáù ọjọ́ kẹjọ. Òjò rọ̀ lu ààfáà, ó rọ̀ lu mósà. Nígbà tí mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi bi mí pé báwo ni olóògbé ṣe jẹ́ sí mi. Mo ní ọ̀rẹ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ nìkan?" Ọlọ́run ló kó o yọ.

Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n Làtífù, wá láti Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣàdúà tán, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Iṣẹ́olúwa, ìwọ lo wà nídìí sàréè. Èmi ò bá a, wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Baba wa máa bi ọ́."

"Bi mí ní kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ibi tẹ́ ẹ sin ín sí. Má sọ fún wọn. Má mú wọn débẹ̀. O mọ̀ pé òbí kì í mọ sàréè ọmọ."

Mo mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkìrun náà, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá àgbà mi kú láìmọ ibi tí wọ́n sin àkọ́bí rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ náà ni.

"Wọ́n ní bí òbí bá fojú kan ọ̀kan, ojú ẹ̀ á tún kan òmíràn." Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí ń wo ilẹ̀. "Èmi nìkan ló kù fún wọn. Ta lo rò pé ó kàn?"

Ọkùnrin tó ga tó báyìí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rù ń bà á bí ọmọdé. Mo ṣèlérí fún un. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Sátidé, 17/5

Mo lọ kí Baba Làtífù ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà Ìtòkín ti kọjá ohun tí à ń sọ, ihò tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Táyà mi kan jò. Làtífù ni mo máa ń pè bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Mo ti mú fóònù, mo ti ń wá orúkọ rẹ̀ kí n tó rántí. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo bú u. Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló ní kí o kú?

Baba jókòó síwájú ilé, ó kọjú sí ọ̀sà. Agbẹ́kọ̀ ni nígbà tí agbára wà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. N kò tíì jókòó dáadáa.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Mú mi lọ."

Mo ní ọ̀nà kò dára. Ó ní ọ̀nà wo ni èmi gbà wá? Mo ní òjò. Ó ní òun kì í ṣe iyọ̀. Mo wá fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, mo ní àwọn àgbà ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ó ní, "Àwọn àgbà wo? Ta ló ṣẹ́kù tó jù mí lọ ní àdúgbò yìí?" Ó tún fi Ìjẹ̀bú sọ nǹkan kan tí mo gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tí mo gbọ́, èébú ni.

Wọ́n gbé ìkókóre fún wa. Mo jẹ temi tán. Baba kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19/5

Baba pè mí nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. "Ṣé òní ni?" Mo ní rárá o, Baba.

Ọjọ́rú, 21/5

Ó tún pè.

Ọjọ́bọ̀, 22/5

Ó tún pè, àárín ìpàdé ni. Ọ̀gá mi ní kí n pa fóònù. Mo pa á. Nígbà tí mo tàn án padà, ó ti pè ju bí mo ṣe fẹ́ kọ sílẹ̀ lọ.

Àìkú, 25/5

Mo fẹ́ kọ orúkọ Làtífù sára pákó kan kí n lọ rì í síbi orí rẹ̀, nítorí ọ̀pá lásán ni a rì síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ka ara mi sí ọmọlúàbí, mo kọ́kọ́ pe Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí láti sọ fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láti inú fóònù.

"Orúkọ kẹ̀? Kí Baba lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n kà á? Wọ́n mọ̀wé kà o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká wá fi sàréè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Pákó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo ti fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ tán, ó sì dára lójú. Dùnsìn ní kí n gbé e kúrò, òun kò lè máa fojú kan orúkọ Làtífù bí òun bá ń lọ síbi ìdáná. Gbogbo ayé ló ń pàṣẹ fún mi lóṣù yìí. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, òjò ń pa á.

Ọjọ́rú, 28/5

Mo lọ bá ààfáà tó kírun sí Làtífù lára. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ bàtà, mo jókòó lórí ẹní, mo ní kí ó gbà mí lọ́wọ́ bàbá àti ọmọ. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó ní Ànábì fúnra rẹ̀ sin ọmọ rẹ̀, ó sì sọkún lójú gbogbo ènìyàn. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde fò.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà, ẹ bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí."

"Hẹn-ẹn. Àṣà ilé onílé nìyẹn, mi ò lè dá sí i. Mẹ́kà ni mò ń lọ lọ́la, ẹ fi àdúà sìn mí."

Mo fi àdúà sìn ín. Ẹni tó mọ òfin ti wọ bààlúù, ó fi mí sílẹ̀ sáàárín àwọn tó ń bẹ̀rù.

Sátidé, 31/5

Adéòjó, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wá kanlẹ̀kùn láàárọ̀. Èmi àti ọkùnrin yìí kì í kí ara wa nígbà kan rí nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, èéfín rẹ̀ ń wọlé bá wa, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ ká gbádùn. Mo ti fẹ́ lọ fi ẹjọ́ sùn ní tèṣán. Làtífù ní kí n fún òun ní ọjọ́ kan. Ó lọ bá Adéòjó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ yín ń wúkọ́ láti òpópónà, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ tọ́jú." Ó gbé e lọ, ó ṣe é, ó gbé e padà, ó pe àwa méjèèjì pé ká wá gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń parí ìjà. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti Adéòjó ti ń kíra.

Ohun tó wá sọ lónìí ni pé jẹnẹrétọ̀ náà tún ti ń wúkọ́, òun kò sì mọ ẹni tí òun máa gbé e fún. Mo tẹ̀lé e lọ wò ó. A dúró tì í, àwa méjèèjì, à ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́.

Ẹtì, 6/6

Iléyá. Òjò láti àárọ̀, àgbò sì wọ́n gógó, àwọn ènìyàn ń dúnàá dúrà lójú ọ̀nà Ìgbògbò bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Lọ́dọọdún ni Làtífù máa ń gbé itan wá fún wa, kí wọ́n tó gé ti ilé tiwọn pàápàá. Mo ti sọ fún ara mi pé kí n má retí nǹkan kan.

Ó kù díẹ̀ kí a jẹun ọ̀sán, Munirah, àbúrò Waliyah, dé, abọ́ ńlá wà lórí rẹ̀. Àgbò tí Làtífù ti ń sìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ yìí ni wọ́n pa. Munirah ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì gé tiwọn." Ẹkún ti gbà á. Mo gba abọ́ náà, mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí o. N kò sọ ọ́ fún un rí, a kì í sọ irú ẹ̀ láàárín ọkùnrin.

Baba kò pè lónìí. Mo yẹ fóònù wò léraléra.

Àìkú, 8/6

Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí ló pè. Baba kò jẹun mọ́.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ nǹkan kan fún wọn."

"Ìyẹn ló fà á!"

Ẹ gbà mí o. Bí mo bá sọ, mo jẹ̀bi. N kò sọ, mo jẹ̀bi. Làtífù nìkan ló lè bá mi dá sí i, òun gan-an ló sì fa gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́rú, 11/6

Mo wà ní ọ́fíìsì nígbà tí Dùnsìn pè. "Dádì Ẹwà, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Baba Ẹ̀pẹ́ wà nílé wa."

Baba ti dá wọ mọ́tò ní Ẹ̀pẹ́, ó sọ̀ ní Agric, ó ń bèèrè ibi tí wọ́n ń sin Mùsùlùmí sí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ta ni yóò fi ìtẹ́ òkú han arúgbó tó dá rìn? Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó yí ìbéèrè padà, ó ní ṣọ́ọ̀bù Làtífù tó ń tún fíríìjì ṣe ńkọ́? Ó ní ẹnu òun kò tíì dákẹ́ tí àwọn ènìyàn fi dìde. Ìyá oníyìnyín yẹn fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sínú Márúwá, ó mú un dé ọ̀dọ̀ Waliyah, Waliyah ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí mo délé, ó wà lórí àga mi, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ bínú, n kò rí ibi tí mo máa gbé e gbà.

Ó ní, "Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì nítorí ọmọ mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín lẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Èmi tí mo bí i, ìròyìn ni wọ́n mú wá fún mi." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mi ò rí i ní àìsàn, mi ò rí i ní òkú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n jí i gbé."

Mo jáde lọ pe Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ Baba títí òun yóò fi dé lọ́jọ́ Sátidé fún fídáù ogójì. Ti ilẹ̀kùn! Dùnsìn, tó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé, ní, "Ọ̀la ìsinmi ìjọba ni. Ẹ mú wọn lọ. Bí Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí bá fẹ́ jà, kó wá bá mi jà."

Mo padà wọlé, mo ní, "Baba, ọ̀la ni." Ó mú ṣíbí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12/6

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Baba wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ó ti dá. N kò bẹ̀rù pé n kò mọ ibẹ̀, ìlérí tí mo fẹ́ dà ló ń dùn mí nínú. Ẹnu ọ̀nà, ká lọ tààrà, ká yà sápá ògiri, ìdí igi máńgò. Mo ti rí i lójú inú lójoojúmọ́ láti oṣù tó kọjá.

A wọlé, a lọ tààrà, a yà. Kò sí igi máńgò. Wọ́n ti gé e lulẹ̀ kí àyè lè fẹ̀ sí i. Ògiri ti wó lápá ibẹ̀. Sàréè tuntun ti kún gbogbo ibi tí koríko wà nígbà yẹn, òjò sì ti tẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọ̀pá wà níbòmíràn, ó ti ṣubú níbòmíràn. Mo lọ sọ́tùn-ún, mo lọ sósì. Mo dúró síbi tí mo rò pé mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo tún lọ dúró síbòmíràn. Amọ̀ ti gba bàtà mi kan.

Kabir, ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, jáde wá. Mo sọ ọjọ́ fún un.

"Oṣù karùn-ún? Há, ẹ̀gbọ́n, a ti sin ènìyàn síbẹ̀ gan-an látìgbà náà o. Kí lorúkọ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀?"

"A ò kọ orúkọ."

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ orúkọ?"

Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Pákó wà nílé mi, òjò ń pa á! Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń fà mí síwá sẹ́yìn lórí bóyá kí n fi ibì kan hàn, n kò sì mọ ibẹ̀. Mo fẹ́ pe ààfáà, Mẹ́kà ni ó wà. Mo padà sọ́dọ̀ Baba, ojú ń tì mí.

"Baba, ẹ má bínú. Apá ibí yìí ló wà. Ó dá mi lójú pé apá ibí yìí ni. Àmọ́ mi ò lè sọ pé èyí ni."

Mo ń retí èébú Ìjẹ̀bú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lóṣòó sídìí sàréè tó sún mọ́ ọn jù, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ṣàdúà. Ó dìde, ó lọ sí èyí tó tẹ̀lé e. Mo sáré di ìgúnpá rẹ̀ mú. Ní ìdí ìkọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Làtífù, bó bá jẹ́ ìwọ ni, baba rẹ dé. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí Ọlọ́run forí jì ọ́, ọmọ ẹlòmíràn." Kò fo ọ̀kankan. Mo ní kí ó sinmi, ó ní kí n dákẹ́.

A ti ń parí ìlà sàréè kejì nígbà tí fóònù dún. Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí ni. Ohùn rẹ̀ lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Baba ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Iṣẹ́olúwa, má purọ́ fún mi. Ṣé Baba ti mọ sàréè Làtífù?"

"Ẹ̀gbọ́n, Baba ò mọ̀ ọ́n."

"Búra."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, àlùhámúdùlílàhì, àlùhámúdùlílàhì, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Mo pa fóònù. N kò lè gbé ojú sókè. Òótọ́ ni mo búra lé lórí, òótọ́ náà sì dùn mí ju irọ́ lọ, nítorí èmi náà kò mọ ibi tí ọ̀rẹ́ mi wà mọ́.

Baba ní, "O ṣeun. Kí ọkàn Bùsàrí balẹ̀. Ọmọ mi lòun náà."

Ó na ọwọ́ kí n fà á dìde.

"Ó ku ìlà kan," ó ní.